Ìwo Bàbá Wa Lọ́wọ́ Ushangi

Àbúrò mi ni Domenti. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń bà á lórúkọ jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, mi ò tíì rí ẹni tó ń jowú tó Domenti ní gbogbo agbègbè Guria wa, àwa ará Guria kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní owú jíjẹ. Bí ajá aládùúgbò bá gbó ju tiẹ̀ lọ, Domenti á bínú sí ajá tiẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun ni tamada abúlé wa, Tsablovani. Lọ́dọ̀ wa, bí àwọn èèyàn bá jókòó síbi wáìnì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa darí tábìlì. Òun ni tamada. Òun ló ń súre kí a tó mu: fún àwọn òkú, fún àwọn ọmọ, fún onílé, fún àlejò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ife kan ẹnu kí tamada tó parí ọ̀rọ̀. Domenti mọ̀ ọ́n sọ, n ò lè parọ́. Bó bá súre fún òkú, wàá gbọ́ tí àwọn opó ń fa imú. Bó bá sì kan ìyàwó tuntun, àní àwọn ìyá ọkọ á rẹ́rìn-ín. Bàbá wa fi ìwo ńlá kan sílẹ̀ fún un, ìwo akọ màlúù tí a fi ń mu wáìnì, tí wọ́n fi fàdákà yí ẹnu rẹ̀ ká, ìwo náà ló sì máa ń gbé jáde nígbà ìsúre tó bá tóbi jù.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí Ushangi, ọmọ abúlé wa kan, fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó sì padà wálé láti ìlú ńlá. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń kéde ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ìlú ló fi etí sí ohùn rẹ̀ láti mọ ọkọ̀ tí wọn ó wọ̀. Ohùn náà jinlẹ̀, ó tutù, ó dùn. Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sọ díẹ̀, wọ́n ní kó sọ sí i. Ìgbéyàwó kejì, òun ni wọ́n fi ṣe tamada.

Domenti délé lọ́jọ́ náà, ó ju fìlà mọ́lẹ̀.

"Ohùn ọkọ̀ ojú irin! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ̀ là ń wọ̀ níbi ìgbéyàwó ni?"

"Jókòó kí o jẹun," mo wí fún un.

"Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń wò ó lẹ́nu! Àwọn tí mo súre fún nígbà tí wọ́n ṣì ń yọ eyín!"

Kò jẹun. Láti ọjọ́ náà, orúkọ Ushangi di ẹ̀gún sí i lọ́fun. Bí Ushangi bá ra bàtà tuntun, Domenti á mọ iye tó rà á. Bí wọ́n bá kí Ushangi kí wọ́n tó kí òun, kò ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé. Èmi tí mò ń bá a gbélé, orí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Domenti bí ni Eteri. Ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Ítálì tipẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó wọn, ọwọ́ mi ni ọmọ náà sì ti dàgbà. Ní kékeré, Eteri já bọ́ láti orí igi àsálà tó wà lẹ́yìn ilé, láti ìgbà náà ló ti ń fi ọ̀pá méjì rìn. Ẹsẹ̀ ló ṣe é, orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Ó kàwé, ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, jọ́gíráfì ni. Nígbà tó lọ wá iṣẹ́ sí ilé-ìwé wa, ọ̀gá ilé-ìwé wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "àwọn ọmọdé á máa wo ọ̀pá ẹ, wọn ò ní wo máàpù."

Ni wọ́n bá gba ọmọbìnrin kan tí kò mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo gégùn-ún fún ilé-ìwé náà, torí pé mo ní ẹnu.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìjà òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ nílé aṣòfin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni wọ́n pè é: pé ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ dù, tàbí ilé, tàbí ìtọ́jú, nítorí ara rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìran rẹ̀, ó lè pe ẹni tó fi dù ú lẹ́jọ́. Eteri ka òfin náà tán, ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá fọwọ́ sí èyí, ọ̀gá ilé-ìwé á gbà mí ni, tàbí kó wá ṣàlàyé fún adájọ́." Ojú rẹ̀ ń dán. Domenti náà gbọ́, ó ní, "Òfin tó dáa nìyẹn, ọmọ mi." Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, nínú ilé wa.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í gbé inú ilé. Gbogbo ọkùnrin abúlé ló wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Karlo, tí wọ́n ń jà lé e lórí. Èmi wá ra iyọ̀, mi ò lè lọ mọ́.

"Zaal Kordzaia yìí, aṣòfin wa," Karlo ń wí, "ọdún tó kọjá ló ní òfin yìí máa ba ilé onílé jẹ́. Lọ́dún yìí, ó ní òun ṣì ń ronú. Ta ló ń san owó ìrònú ẹ̀?"

"Kì í ronú, ó ń ka ìbò ni!"

"Àwọn Yúróòpù ti ṣèlérí pé a ò ní nílò físà mọ́ láti wọ ilẹ̀ wọn bí òfin bá kọjá. Ohun tó ń wá nìyẹn, kó lè sọ pé òun ló gbà á fún wa."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," arúgbó kan wí, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Ushangi náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Bí olè bá gbé oògùn wá fún ọmọ yín tó ń ṣàìsàn, ẹ ò ní fún ọmọ lóògùn? Ẹ fún un, kí ẹ sì di àpò yín mú dáadáa."

Ni gbogbo bẹ́ǹṣì bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń tún un sọ fún ara wọn. Mo wo Domenti. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dìde.

"Irọ́ ni!" ó wí. "Òfin ẹ̀tàn ni! Ẹni tí inú rẹ̀ ò mọ́, òfin rẹ̀ ò lè mọ́. Oògùn olè, májèlé ni!"

Kí Ushangi má baà borí rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, gbogbo wa ló mọ̀. Bí Ushangi bá ní wàrà funfun, Domenti á búra pé dúdú ni. Nígbà tí a délé, mo fà á lápá aṣọ.

"Orí ẹ pé báyìí? Òfin tí ọmọ ẹ ń dúró dè!"

Eteri ń bó ẹ̀wà lórí àga, kò gbójú sókè. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ṣé òfin ni ẹ ń bá jà, àbí Ushangi?"

"Ọmọdé ni ẹ́, kò lè yé ọ," ó wí, ó sì jáde lọ bá ajá rẹ̀.

Kò pẹ́, ìròyìn dé pé aṣòfin ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn kó tó lọ dìbò lórí òfin náà. Amóhùnmáwòrán á bá a wá. Àsè á wà ní àgbàlá olórí abúlé, lábẹ́ igi àjàrà. Olórí abúlé fúnra rẹ̀ wá sílé wa, ó ń yí fìlà lọ́wọ́ bí ẹni tó jalè.

"Domenti, má bínú o. Àwọn èèyàn aṣòfin ló sọ pé ọkùnrin olóhùn dídùn yẹn ni kó ṣe tamada. Ṣùgbọ́n a ò fi ọ́ sẹ́yìn! Ìwọ ni wàá máa bu wáìnì."

"Èmi? Kí n máa bu wáìnì fún Ushangi?"

"Àti pé... jọ̀ọ́, bá wa mú ìwo bàbá yín wá. Kò sí ìwo mìíràn tó yẹ aṣòfin."

Nígbà tó lọ tán, Domenti mú ìwo náà wálẹ̀ lára ògiri. Ó jókòó sẹ́bàá ààrò, ó ń fi eérú nu fàdákà rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí eérú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò ní purọ́. Gbogbo ohun tó ní láyé ni ìwo yẹn àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹlòmíràn sì fẹ́ gba méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Eteri bá a níbẹ̀. "Bàbá, ẹ̀gbẹ́ Ushangi ni ẹ máa dúró sí. Ẹ bá mi sọ fún un kó dárúkọ mi níwájú aṣòfin. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lójú gbogbo ayé, á ṣòro fún un láti lọ dìbò pé rárá."

"Kí èmi lọ bẹ Ushangi? Kí n kúkú kú ná!"

Ọmọ náà wò ó. Ó mú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, ó jáde. Mo rò pé ó lọ gba atẹ́gùn ni.

Ọjọ́ àsè pé. Tábìlì gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga: adìyẹ nínú ọbẹ̀ àsálà, wàràkàṣì, àkàrà àgbàdo, ẹ̀wà pupa. Aṣòfin jókòó ní àárín, aṣọ rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ ayàwòrán. Eteri wà ní ìpẹ̀kun tábìlì, ọ̀pá rẹ̀ rọ̀ mọ́ àga. Èmi àti àwọn obìnrin wà ní ilé ìdáná, níbi tí a máa ń wà nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Àwọn awakọ̀ aṣòfin ti gbé páálí bíà wá kalẹ̀ níbẹ̀ fún ara wọn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, bí òùngbẹ bá ń gbẹ èèyàn kó mu bíà. Ṣùgbọ́n a kì í fi bíà súre. Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀tá nìkan ni wọ́n ń gbé bíà sókè sí. Bí o bá fi bíà dárúkọ èèyàn, èpè lo ṣẹ́ lé e. Ọmọ tó ń rákòrò ní Tsablovani mọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń ro ẹ̀wà nígbà tí Domenti wọlé pẹ̀lú ìwo. Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo gbọ́ tí ìdérí ìgò dún ṣìì. Nígbà tí mo máa yọjú, bíà ló ń dà sínú ìwo bàbá wa, díẹ̀díẹ̀, tó ń fi ìka gbọ́n ìfóòfóò rẹ̀ dànù. Àwọ̀ oyin ni wáìnì wa ní, bíi ti bíà gan-an, kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

"Domenti! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá sí i. Ìsúre aṣòfin ló kàn. Ẹ jẹ́ kí olóhùn dídùn fi bíà súre fún àlejò lójú gbogbo ayé. Bó bá ti gbé e mì, màá pariwo. Wọn ò tún ní pè é síbi tábìlì kankan títí tó fi máa kú!"

"Owú ti yí ẹ lórí! Gbé e wá fún mi!"

Ó ti jáde. Mo sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ìwo ti wà lọ́wọ́ Ushangi, gbogbo ọkùnrin sì ti dìde dúró.

"Ọlọ́lá," Ushangi wí, ohùn rẹ̀ sì tàn ká àgbàlá. "Wọ́n ní ìwo yìí ni kí n fi súre fún yín. Ẹ dárí jì mí. Ẹnì kan wà lábúlé yìí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ súre fún. Ó wá bá mi nílé, ó fi ọ̀pá méjì gun òkè wá. Eteri ni, ọmọ Domenti."

Mo wo Domenti. Ó di agbè wáìnì mọ́ àyà.

"Ó kàwé tó láti kọ́ àwọn ọmọ wa," Ushangi ń bá a lọ. "Wọ́n ní kí ló máa fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe. Òfin tí ẹ ń ronú lé lórí, Ọlọ́lá, òun ni ọmọ yìí ń dúró dè. Mo gbé ìwo yìí sókè fún un. Eteri, kí ọ̀nà rẹ..."

Ó gbé ìwo lọ sẹ́nu. Bíà, lórí orúkọ ọmọ wa! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́! Domenti la ẹnu, ẹnu náà kàn là sílẹ̀ ni, ohùn ò jáde. Bó bá pariwo, gbogbo ayé á mọ̀ pé òun ni. Bí kò bá pariwo, ọmọ rẹ̀ gba èpè. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo bú u nínú mi, mo ní, sọ̀rọ̀, ìwọ òpònú, sọ̀rọ̀!

Ìwo kan irunmú Ushangi. Ó dúró. Mo rí i tí ihò imú rẹ̀ fẹ̀. Ó rọra yí ojú, ó wo ẹni tó gbé ìwo fún un. Domenti wo ilẹ̀.

"Rárá o," Ushangi wí, bí ẹni pé nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. "Ọmọ dáadáa ò ṣeé fi ìwo àlejò súre fún. Tiẹ̀ ń bọ̀, wáìnì ọ̀tọ̀ la máa bù fún un. Ọlọ́lá, èyí tó wà lọ́wọ́ mi, tiyín náà ni, bí wọ́n ṣe wí." Ó yíjú sí aṣòfin. "Mo fi súre fún gbogbo ẹni tó ní rárá lọ́dún tó kọjá, tó ń ronú lọ́dún yìí, tó máa wá béèrè ìbò lọ́dún tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún wọn ní ohun tí wọ́n fún wa!"

Ó dà á mu dé ìsàlẹ̀, ó dojú ìwo kọlẹ̀, ẹ̀kán kan ò bọ́. Ìfóòfóò funfun wà lórí irunmú rẹ̀.

Ni Karlo bá figbe ta: "Yéè! Bíà ni! Bíà ló fi súre fún aṣòfin!"

Ẹ̀rín tó sọ lábẹ́ àjàrà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àgbàlá. Àwọn arúgbó ń lu tábìlì. Aṣòfin pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń wò ó, ó di dandan kó rẹ́rìn-ín. Ushangi nu irunmú.

"Bí ẹ bá dìbò fún òfin náà, Ọlọ́lá, ẹ padà wá," ó wí. "Wáìnì la máa fún yín."

Lẹ́yìn náà ló na ìwo sí Domenti. "Fi wáìnì ṣàn án dáadáa, kí o sì bu ti ọmọ rẹ fún mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó súre fún Eteri, gbogbo wa sunkún, àní èmi tí ẹ̀wà ń jóná lẹ́yìn mi.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló rí ìsúre bíà yẹn. Àwọn èèyàn ń wá láti abúlé mìíràn wá bọ Ushangi lọ́wọ́, wọ́n ní kò sí tamada tó gbọ́n tó báyẹn rí, ẹni tó ti gbèrò bíà mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Kò já wọn nírọ́, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Aṣòfin dìbò, bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ṣì ń jà pé kí ló mú un, ṣé físà ni, ṣé ìbò ni. Karlo ní ìtìjú bíà ni. Eteri ò dá sí wọn. Ó mú òfin náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé sì rántí lójijì pé àyè kan ṣí sílẹ̀.

Àmọ́ Domenti ń gbẹ. "Ì bá kúkú nà mí," ó máa ń wí fún mi. "Ì bá pariwo mi. Ó dá ọmọ mi sí, ó bo àṣírí mi, ó tún fi ìwà burúkú tèmi gbayì! Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló kù tí kò tíì gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ìwọ lo gbé e fún un," mo dá a lóhùn.

Nígbà tí Eteri fẹ́ ṣe àsè iṣẹ́ tuntun, Domenti ti wẹ, ó ti gé irùngbọ̀n, ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn ilé. Ó dá a lójú pé òun ni tamada ọmọ òun. Eteri dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ushangi ló dárúkọ mi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dárúkọ mi. Òun ni mo fẹ́. Ẹ bá mi lọ pè é."

Ó lọ. Mo tẹ̀ lé e, torí n ò fọkàn tán an. Ushangi wà nínú ọgbà àjàrà, ó ń di ìtàkùn mọ́ igi. Domenti jẹ́ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Màá wá," Ushangi wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o bu wáìnì fún mi. N ò gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Mo rò pé ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Domenti náà rò bẹ́ẹ̀, ó ń payín keke títí a fi délé.

Lọ́jọ́ àsè, ó wẹ ìwo, ó tún un wẹ̀. Ó tọ́ wáìnì wò nínú agbè, ó tún un tọ́ wò. Nígbà tó fẹ́ fún Ushangi, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. Ushangi gbà á, ojú Eteri ló ń wò. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó gbé ìwo sẹ́nu, ó sì dà á mu dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Domenti wọlé wá bá mi ní ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ẹ rí i, Ẹ̀gbọ́n mi? Kò gbóòórùn ẹ̀. Kò tilẹ̀ wo inú ẹ̀!" Omi ń dà lójú rẹ̀. "Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe! Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un láé. Ọkùnrin yẹn mà burú o! Báwo ni mo ṣe máa ju ìyẹn lọ?"

Mo fún un ní aṣọ ìnuwọ́, mo ní kó nu ojú rẹ̀ kíá. Wọ́n ti ń pè é níta kó wá bu wáìnì.